Ta Ló Ń San Owó Ph.D.? Bí Owó Ìwádìí Ṣe Ń Rìn ní Alábàtà

Ọmọ kan náà, lẹ́tà méjì. Èyí tó ti Alábàtà wá, ìyẹn FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, ń sọ iye tí ọmọ náà máa san kó tó bẹ̀rẹ̀ Ph.D. Èyí tó ti yunifásítì ìjọba kan ní Amẹ́ríkà wá ní òun ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, òun á tún máa sanwó fún un lóṣooṣù. Bàbá ọmọ ka lẹ́tà kejì tán, ó ní iṣẹ́ ọmọ Yahoo ni. Ẹ̀gbọ́n ọmọ ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ìjọba Nàìjíríà ló kàn burú. Irú àríyànjiyàn yìí ò ṣọ̀wọ́n ní Abẹ́òkúta, nítorí ó ṣòro kéèyàn rí àdúgbò kan tí kò ti sí ọmọ tó ti FUNAAB jáde tàbí tó ṣì wà níbẹ̀.

Lẹ́tà kejì yẹn lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Ìjọba wa náà ní ẹ̀bi tirẹ̀, a ó débẹ̀. Ohun tí bàbá àti ẹ̀gbọ́n ò rí ni pé inú àpò kan ṣoṣo kọ́ ni owó tó ń gbé Ph.D. ró ti ń jáde. Àpò kan wà fún owó oṣù olùkọ́, òmíràn wà fún ilé kíkọ́, òmíràn fún ìwádìí, òmíràn fún akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn á máa bínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́, á sì máa retí owó níbi tí owó ò sí.

Ọ̀fẹ́ ò kọjá digirí kìíní

FUNAAB, tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní UNAAB, ìjọba àpapọ̀ ló dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1988. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ni pé kí yunifásítì rẹ̀ má gba owó ìkọ́ni lọ́wọ́ ẹni tó ń gba digirí kìíní. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí, torí pé ọdọọdún ni wọ́n ń sanwó. Owó ìforúkọsílẹ̀, owó ìlera, owó yàrá àyẹ̀wò, owó ìdánwò àti àwọn yòókù ni wọ́n ń san. Ó ń wọni lára lóòótọ́, àmọ́ owó ìkọ́ni kọ́. Ẹni tó bá padà wá gba PGD, màsítà tàbí Ph.D. ti jáde kúrò lábẹ́ ìlànà yẹn. Owó ìkọ́ni wà nínú ìwé tirẹ̀, òun ló sì máa wá a. Ẹ̀yáwó NELFUND tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2024 náà, àwọn tó ń gba digirí kìíní àti irú wọn ló kọjú sí.

Nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fi ránṣẹ́ sí yunifásítì lọ́dọọdún, owó oṣù òṣìṣẹ́ ló ń gba ibi tó pọ̀ jù. Ìyẹn ni pé ìjọba ń sanwó fún ọ̀jọ̀gbọ́n kó lè kọ́ ọmọ, kó sì ṣe ìwádìí. Àmọ́ epo dísẹ̀lì tí fìríjì máa lò kí ẹ̀jẹ̀ adìyẹ tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò má baà bàjẹ́, kẹ́míkà, owó ọkọ̀ lọ sóko, oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò náà, kò sí èyíkéyìí nínú wọn nínú owó oṣù. Gíráǹtì, ìyẹn owó tí wọ́n ń fúnni láti fi ṣe ìwádìí, ló yẹ kó dí àlàfo yẹn.

TETFund: ta ni wọ́n ń fún, ta ni wọn kì í fún?

Kò sí àpò tí aráàlú mọ orúkọ rẹ̀ tó ti TETFund, torí ara ilé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ẹ dé Pólì ní Òjèrè, ẹ ó rí i. Ẹ dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ẹ ó rí i. Ẹ dé Alábàtà, kò ní ṣàì sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé owó epo rọ̀bì ni, bẹ́ẹ̀ owó orí àwọn ilé iṣẹ́ ni. Òfin ọdún 1993 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé kí ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà máa yọ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lára èrè rẹ̀ fún ètò ẹ̀kọ́. Òfin ọdún 2011 sọ ọ́ di ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga nìkan, ìgbà yẹn ló di TETFund. Òfin ìsúná 2021 gbé e sí 2.5, ti 2023 gbé e sí 3. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026 kó o pọ̀ mọ́ àwọn owó mìíràn, ó ní kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún, kí TETFund mú ìdajì, kí àwọn yòókù pín ìyókù.

Bí owó náà bá wọlé, yunifásítì ń gba ìpín méjì, pólì ń gba ìpín kan, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ń gba ìpín kan. Ká ní ₦4,000 ló wà nílẹ̀, ₦2,000 á lọ sọ́dọ̀ àwọn Alábàtà, ₦1,000 sọ́dọ̀ àwọn Òjèrè, ₦1,000 sọ́dọ̀ àwọn Òṣíẹ̀lẹ̀. Ti ìjọba nìkan ni o. Yunifásítì aládàáni ò sí nínú rẹ̀, bó ti wù kó gbajúmọ̀ tó.

Èyí tó ń di ilé àti ẹ̀rọ nínú owó yìí, ojú ni gbogbo wa fi ń rí i. Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ph.D. ni èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìdálẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ méjì lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan náà. TETFund ń san ti ọ̀kan, èkejì ń ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kó lè san tirẹ̀. Ẹni kejì á ní àwọn èèyàn ló wà lẹ́yìn ẹni àkọ́kọ́. Bóyá. Ṣùgbọ́n ohun tó sábà máa ń jẹ́ ni pé ẹni àkọ́kọ́ yẹn ti jẹ́ olùkọ́ tẹ́lẹ̀ ní yunifásítì tàbí pólì ìjọba kan, ibẹ̀ ló sì rán an wá. Àpò yẹn kò sí fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, bí èsì ìdánwò rẹ̀ tilẹ̀ dára ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni tó bá sì jẹ nínú rẹ̀ ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun máa padà sẹ́nu iṣẹ́ òun, òun ò ní sá lọ.

TETFund ní owó ìwádìí tòótọ́ náà, oríṣi méjì. Ọ̀kan wà nínú yunifásítì: olùkọ́ kọ ohun tó fẹ́ ṣèwádìí lé lórí, ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Àbújá. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní National Research Fund, ìdíje gbogbo Nàìjíríà ni, iye rẹ̀ sì fi púpọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú méjèèjì, olùkọ́ ló ń bèèrè, akẹ́kọ̀ọ́ ò lè dá béèrè. Ẹnu sùpáfáísọ̀ rẹ̀, olùkọ́ tó ń tọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sọ́nà, ló wà.

Ẹ ò ní gbàgbé pé náírà ni owó yìí. Ṣáájú June 2023, dọ́là kan ò ju nǹkan bí ₦460 lọ ní báńkì. Ní 2024 ó ti tó ₦1,500. Olùkọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ₦2 mílíọ̀nù fún lè ra kẹ́míkà tó ju $4,300 lọ tẹ́lẹ̀. Bí owó kan náà bá wọlé lẹ́yìn náà, kò tó $1,400 mọ́. Ìwé ìwádìí ò yí padà, iye àyẹ̀wò tí wọ́n ṣèlérí nínú rẹ̀ ò yí padà, àmọ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta owó ti lọ. Ta ni yóò wá fi owó kún un? Akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ibí yìí ni mo ti gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n tó ní ìjọba ló burú.

Owó tó wà lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò lè ná

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ màsítà kan tí ojú wa mọ̀, ká ní lórí láfún. Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá láfún tí wọ́n ń tà ní Abẹ́òkúta gbẹ tó, bóyá májèlé inú ẹ̀gẹ́ ti kúrò lára rẹ̀, bóyá ẹ̀bu ti ń hù sí i. Ó ra mẹ́wàá ní Kútọ̀, mẹ́wàá ní Láfẹ́nwá, mẹ́wàá ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Ọgbọ̀n ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í yẹ nǹkan wò lẹ́ẹ̀kan nínú sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, ó di àádọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀, gbígbẹ nìkan la tíì sọ. Májèlé, àádọ́rùn-ún mìíràn. Ẹ̀bu, àádọ́rùn-ún mìíràn.

Láti mọ bó ṣe gbẹ tó, ó máa wọn láfún díẹ̀ sínú àwo kékeré, ó máa kó o sínú ẹ̀rọ ìgbẹ́ tó gbóná tó 105 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó máa gbé e jáde, á jẹ́ kó tutù, á tún un wọ̀n, á tún dá a padà, títí ìwọ̀n rẹ̀ ò fi ní yí padà mọ́. Bí iná bá lọ lágbedeméjì, ẹ̀rọ tutù, láfún náà bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi inú afẹ́fẹ́ padà. Àfi kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Èyí tí kò sí ẹ̀rọ rẹ̀ ní ẹ̀ka tirẹ̀, ó máa gbé e lọ síbòmíràn, wọ́n á sì gba owó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá rí ìdí tí àwọn ọmọ wọ̀nyí fi ń sọ pé owó ilé ìwé kọ́ ló dun àwọn jù. Owó ilé ìwé ní iye. Owó yàrá àyẹ̀wò ò ní iye, àfi ìgbà tó bá tán.

Bí sùpáfáísọ̀ bá ní gíráǹtì lórí láfún, gbogbo èyí lè wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ó kàn ń yọ owó lápò ni. Bí ọ̀rọ̀ gíráǹtì ṣe rí nìyí: ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní London fi mílíọ̀nù mẹ́wàá ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín pé kí ẹ fi kọ́lé fún òun ní Ọbáńtokò. Aládùúgbò tó bá rí iye tó wà nínú àkáǹtì yín á ní ẹ ti di olówó, bẹ́ẹ̀ sìmẹ́ńtì, bíríkì àti páànù ni owó náà, orí ibi tí ẹ̀gbọ́n yín kọ ọ́ sí lẹ gbọ́dọ̀ ná an. Ti yunifásítì tilẹ̀ tún le ju ìyẹn lọ, nítorí kì í ṣe àkáǹtì ọ̀jọ̀gbọ́n ni owó ń wọ̀. Ọ́fíìsì búsárì, tó ń tọ́jú owó yunifásítì, ló wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀wé béèrè, wọ́n fún un ní díẹ̀, ó ná an, ó kó rìsíìtì wá, kí wọ́n tó fún un ní òmíràn. Ẹ̀rọ tó bá rà di ti yunifásítì. Ẹni tó fúnni lówó sì lè rán ọ́díìtọ̀ wá nígbàkigbà.

Ṣé wọn kì í jẹ owó gíráǹtì? Wọ́n ń jẹ ẹ́ níbòmíràn, irọ́ kò sí níbẹ̀. Rìsíìtì èké ò ṣòro rí nílùú yìí. Àmọ́ ohun tí mo rí tó sábà ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ má rí nǹkan gbà ni pé kò sí ìlà kankan nínú ìwé gíráǹtì náà tí wọ́n kọ "owó oṣù akẹ́kọ̀ọ́" sí. Ìlà kẹ́míkà wà, ìlà ọkọ̀ wà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà ni wọ́n gbàgbé.

Orúkọ kan tún wà tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ: "graduate assistant". Ní Nàìjíríà, ipò iṣẹ́ ni, àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ pátápátá fún ẹni tí yunifásítì gbà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ tí kò tíì ní màsítà. Ó ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, ó ń gba owó oṣù. Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ran ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́ fún nǹkan bí ogún wákàtí lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá lọ bèèrè "graduate assistantship" ní Alábàtà, iṣẹ́ ló ń wá yẹn, wọ́n á sì ní kó lọ dúró de ìgbà tí ìjọba bá ní kí wọ́n gba èèyàn.

Ìgbà tí Alábàtà rí owó

Kì í ṣe pé kò sí ìgbà tí owó ńlá wọlé. Ní 2008, ètò kan lórí ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀, C:AVA lorúkọ rẹ̀, Bill & Melinda Gates Foundation ló fowó sí i, yunifásítì Greenwich ní Ìlú Ọba ló sì darí rẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ kéékèèké lè rí èrè lórí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tó dára. Nígbà tí abala kejì fi máa bẹ̀rẹ̀ ní 2014, Alábàtà ló ń darí rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè márùn-ún: Nàìjíríà, Gánà, Tanzania, Uganda àti Malawi. Èmi ò rí ohun tó wú mi lórí tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn ilé ẹ̀kọ́ náà, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni olówó òkè òkun ń gbé kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ onílé lọ́wọ́. Adìyẹ FUNAAB Alpha tún wà, irú adìyẹ ìbílẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ṣe kó lè máa yé ẹyin dáadáa kó sì lẹ́ran lára; nígbà tí ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ILRI ń fi oríṣiríṣi adìyẹ wéra lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Nàìjíríà, Alpha wà lára wọn.

Èyí tó sún mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ jù ni CEADESE, ibùdó ẹ̀kọ́ àti ìwádìí lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti àyíká tí Báńkì Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní Alábàtà lábẹ́ ètò tó fọwọ́ sí ní 2014. Ibùdó mọ́kàndínlógún ni wọ́n yàn ní orílẹ̀-èdè méje, mẹ́wàá nínú wọn sì wà ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ méjì ló yẹ kéèyàn mọ̀ nípa rẹ̀. Àkọ́kọ́, kì í ṣe ọrẹ; ẹ̀yáwó tí Nàìjíríà fọwọ́ bọ̀wé fún ni. Ìkejì, Báńkì Àgbáyé ò kó owó sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó ṣe. Nígbà náà, wọ́n ń ka iye akẹ́kọ̀ọ́ màsítà àti Ph.D. tí ibùdó gbà, iye ìwé ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde, ẹ̀kọ́ tó gba ìfọwọ́sí àgbáyé, owó tí ibùdó fúnra rẹ̀ wá wọlé. Ẹlòmíràn wá yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn wá sì ń mú owó wọlé ju ọmọ Nàìjíríà lọ. Bí ẹ bá ti bi ara yín rí pé kí ló dé tí wọ́n fi ń wá ọmọ Gánà tàbí ọmọ Cameroon kiri nígbà tí ọmọ Ẹ̀gbá wà ní Camp nítòsí tó ń wá sùpáfáísọ̀, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Kí ló dé tí Amẹ́ríkà fi ń sanwó?

Kì í ṣe àánú. Nínú gíráǹtì ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀, ìlà owó akẹ́kọ̀ọ́ wà, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ ni òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò. Bí gíráǹtì ò bá sí, yunifásítì lè ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní, kí wọ́n fi ìyẹn san án. Owó iṣẹ́ ni, wọ́n sì ń gba owó orí lórí rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un yẹ̀ wò, ẹni tí kò bá ṣe dáadáa lè pàdánù rẹ̀. Màsítà kì í sábà bá irú rẹ̀ pàdé; Ph.D. ni wọ́n ń ṣe é fún. Ní ti ẹ̀rù ọmọ Yahoo, yunifásítì tòótọ́ kì í ní kéèyàn kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́ kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó jáde. Ṣùgbọ́n owó fọ́ọ̀mù wà, ti físà wà, $350 sì wà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì fún SEVIS, ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń kọ orúkọ wọn sí. Àwọn yẹn kì í ṣe jìbìtì.

Yunifásítì náà ń jẹ nínú gíráǹtì. Lórí $100 tí ọ̀jọ̀gbọ́n ná sórí iṣẹ́, ọ̀pọ̀ yunifásítì ńlá ń gba ju $50 lọ lọ́wọ́ ìjọba fún iná, ilé, ọ́fíìsì àti òṣìṣẹ́. Ní February 2025, NIH, àjọ tó ń fowó sí ìwádìí ìlera níbẹ̀, kéde pé òun ò ní san ju $15 lọ mọ́. Ilé ẹjọ́ dá a dúró, àmọ́ jìnnìjìnnì ti mú àwọn yunifásítì. UMass Chan, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìjọba ìpínlẹ̀ Massachusetts, gba lẹ́tà tó ti fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ph.D. padà lọ́dún yẹn. Lọ́dún kan náà ni wọ́n ti USAID, àjọ ìrànwọ́ Amẹ́ríkà fún ilẹ̀ òkèèrè, pa, tí àwọn ètò ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń so yunifásítì Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ ti Áfíríkà sì kógbá sílé. Nítorí náà, lẹ́tà tó dé lónìí kì í ṣe owó tó ti wọ àpò. Jámánì ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ DAAD, Ìlú Ọba ní ti Commonwealth. Ẹ má gbé gbogbo ẹyin sí ibì kan.

Kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ bèèrè iye owó ilé ìwé. Èmi á ní kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè ta ló ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ní ẹ̀ka náà. Ẹ wọ inú ẹ̀ka lọ, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ bá àwọn tó ti wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ph.D. ọdún kẹta mọ ẹni tó ní gíráǹtì, wọ́n mọ ẹni tí gíráǹtì rẹ̀ ti tán tó ṣì ń fi ṣe fáàrí, wọ́n sì mọ ẹ̀rọ tó bàjẹ́ láti ọdún mélòó.

Bí gíráǹtì bá wà, ẹ bèèrè ọjọ́ tó máa parí. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ju ọdún mẹ́ta lọ, Ph.D. níbí sì lè gba márùn-ún. Ẹ bèèrè ẹni tó máa san owó àyẹ̀wò, kí ó wà lórí ìwé, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹ tún bèèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ASUU bá dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2022, láti 14 February títí dé 14 October ni yunifásítì fi wà ní títì. Ẹ̀gẹ́ tó wà lóko ò mọ̀ pé ìyanṣẹ́lódì ń lọ, ẹni tó fúnni lówó náà ò sì dá aago rẹ̀ dúró. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fi oṣù díẹ̀ kún un, àkókò nìkan ni wọ́n sábà máa ń fi kún un, kì í ṣe owó. Ẹni tó bá ń gba owó oṣù látinú irú gíráǹtì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó máa bọ́ òun láàárín àwọn oṣù yẹn, kó sì ti mọ̀ ọ́n kó tó tọwọ́ bọ̀wé.